Ìràwọ̀ Kan Ṣoṣo fún Lọ́yà Òkìkíọlá

Lánàá, ọjọ́ Àìkú, a ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán tí ẹjọ́ fi já wọ ààfin. Ẹ má fi ojú ńlá wo ààfin yẹn o. Pálọ̀ Baálẹ̀ Adégbénga ni, ní Asata níbí, níbi tí a ti máa ń yí àga ìjẹun padà kó lè jọ ìtẹ́. Baálẹ̀ Adégbénga ni olórí àwa Yorùbá tí a wà ní Enugu. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó joyè. Láti ọjọ́ tó ti joyè, ẹni tó bá pè é ní "Dádì" ń wá wàhálà ni. Kábíyèsí ni kí o pè é.

Ìjòyè méjì ló bá a jókòó: Ìyálóde Yéjídé, tí kì í gba ìgbàkugbà, àti Olóyè Alárápé, tó máa ń sùn títí ẹjọ́ á fi dùn.

Tiwaladé ló pẹjọ́. Olúdáìsí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló pè lẹ́jọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó wọn. Màmá Tiwaladé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di báàgì rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tó ti ṣe tán láti mú ọmọ rẹ̀ padà sílé.

"Kí ló ṣe fún ọ?" Kábíyèsí bi Tiwaladé.

"Kábíyèsí, ìràwọ̀ kan ló fún mi."

"Ìyẹn ò ha dáa? Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyàwó mi, búrẹ́dì ni mo fún un."

"Kì í ṣe ìràwọ̀ ojú ọ̀run, Kábíyèsí. Ti orí fóònù ni. Márùn-ún ló pé. Ó fún mi ní ẹyọ kan."

Kábíyèsí ní kó ṣàlàyé bíi pé ọmọ kékeré ló ń bá sọ̀rọ̀. Tiwaladé mí kanlẹ̀.

"Géèmù kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀rí Dà. Tí ẹ bá ṣí i lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ di lọ́yà. Wọ́n á gbé ẹjọ́ fún yín, ẹ ó wá ẹ̀rí kiri, ẹ ó da ìbéèrè bo àwọn ẹlẹ́rìí, títí adájọ́ á fi dá oníbàárà yín sílẹ̀."

"Wọ́n ń dá ẹjọ́ nínú fóònù? Láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi?"

"Eré ni, Kábíyèsí. Ní apá kìíní àti apá kejì, bàbá àgbàlagbà kan ni lọ́yà inú rẹ̀, Lọ́yà Bámgbóṣé. Á máa wúkọ́, á máa gbá tábìlì. Ní apá kẹta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí, wọ́n ti fi ọmọbìnrin kan rọ́pò rẹ̀, Lọ́yà Òkìkíọlá. Ohùn mi ni wọ́n gbà sílẹ̀ fún un. Èmi ni Òkìkíọlá."

Olóyè Alárápé la ojú kan. "Mo rò pé Tiwaladé lò ń jẹ́?"

"Nínú géèmù ni, sà. Àwọn tó ṣe é, ní Ugwuaji lọ́hùn-ún, ti sọ pé bí èrò àwọn tó ń gbá a ò bá dáa, Bámgbóṣé ló máa padà wá ní apá kẹrin. Ibi tí iṣẹ́ mi máa parí sí nìyẹn. Ó sì pẹ́ tí mo ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí làwọn tó ń gbá a wá sọ?" Ìyálóde bi í.

Tiwaladé ṣí fóònù, ó ń kà á.

"Ẹnì kan ní, 'Ohùn Òkìkíọlá tuni lára gan-an ni. Mo ti sùn kí ẹjọ́ kìíní tó parí.' Ẹlòmíràn ní, 'Ẹ̀bẹ̀ lọ́yà yìí ti pọ̀ jù. Bámgbóṣé á ti gbá tábìlì, ẹlẹ́rìí á ti jẹ́wọ́, èmi náà á ti lọ sí ibi iṣẹ́.' Ẹnì kan tún ní, 'N kò tíì gbá a o, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin?'"

"Kí lorúkọ ẹni yẹn?" Ìyálóde béèrè.

"Kò kọ ọ́ síbẹ̀, mà."

"Ó gbọ́n."

"Ẹni tó wá pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Ogui ló pa mí, Kábíyèsí. Ó ní, 'Ohùn lọ́yà tuntun yìí dà bí ohùn ẹni tí wọ́n jí lójú oorun pé kó wá gbàdúrà. Ó ń gẹ ọ̀daràn bí ọmọ ìkókó. Ẹ dá Bámgbóṣé padà fún wa.' Ìràwọ̀ kan."

Àwa tí a jókòó sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ìyálóde wò wá. A gbé ẹ̀rín wa mì.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé Olúdáìsí ni Ọmọ Ogui?"

"Àwòrán tó fi síbẹ̀, Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, nínú bàtà tí mo rà fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀."

Gbogbo wa bojú wo ilẹ̀. Bàtà náà ni Olúdáìsí wọ̀ wá síbẹ̀.

Kábíyèsí yíjú sí Olúdáìsí. Enugu níbí ni wọ́n bí i sí, òun náà ló sì kọ́ ara rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ ó gbọ́ ọ.

"Kábíyèsí, o rí i..."

"Ta lò ń bá sọ 'o'?" Ìyálóde ti dìde.

"Ẹ má bínú, mà. Kábíyèsí, ẹ rí i, mi ò mọ̀ pé márùn-ún ló ga jù. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ta ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún? Ẹni tó ṣe ipò kìíní! Ẹni tó ṣe ipò karùn-ún, ta ló mọ̀ ọ́n? Mo fún ìyàwó mi ní ipò kìíní, ó wá pè mí lẹ́jọ́."

Kábíyèsí mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ti fẹ́ wọ̀ ọ́ létí.

"Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Tiwaladé jágbe. "Ipò kìíní nìyẹn náà?"

"Fóònù ló kọ ọ́. 'Ohùn áńgẹ́lì' ni mo tẹ̀, ó yí i padà. Fóònù yẹn ò gbọ́ Yorùbá."

"Kò gbọ́ Yorùbá, ó wá fi Yorùbá bú mi láìsí àṣìṣe kan?"

Kábíyèsí ní kí ẹlẹ́rìí wá. Bọ́lánlé ló kọ́kọ́ jáde, ọ̀rẹ́ Olúdáìsí. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé yàrá kan ní Ogui.

"Kábíyèsí, Olúdáìsí ò gbá géèmù yẹn rí láyé ẹ̀. Kò tiẹ̀ sí lórí fóònù rẹ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú gan-an, sà. Èmi tí mò ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ pé kó dín ohùn rẹ̀ kù."

"Ohùn kí ni?"

"Ohùn gé..." Bọ́lánlé pa ẹnu dé. Ó ń wo síílìǹgì.

Rita ni ẹlẹ́rìí kejì. Ọmọ Igbo ni, òun àti Tiwaladé ló jọ ń gbé ojúlé kan, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti ìdajì àwọn ọmọ wa lọ.

"Kábíyèsí, biko, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni Bọ́lánlé ń pa. A jọ wọ kéké lọ́jọ́ kan, èmi àti Olúdáìsí. Ó dé ibi tó yẹ kó ti sọ̀, kò sọ̀. Géèmù yẹn ló tẹjú mọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà bi í pé, 'Ọ̀gá, who die?' Ó ní kò sẹ́ni tó kú, lọ́yà òun ló borí."

"Eruku ló kó sí i lójú!" Bọ́lánlé ké láti ẹ̀yìn.

"Òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Eruku inú kéké ni mò ń sọ!"

Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè. "Rita, ìwọ náà fẹ́ràn géèmù yìí?"

"Ó dùn kọjá sísọ, Kábíyèsí. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un."

"Ẹjọ́ wo lo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

"Adájọ́ inú rẹ̀, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Rita wo Tiwaladé. Tiwaladé ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ewoo! Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbá a o. Tiwaladé ló ní kí n sáà tẹ márùn-ún fún òun. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló bẹ̀. Ó bẹ Bọ́lánlé náà."

"Bọ́lánlé?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, sà," Bọ́lánlé ní. "Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó se ìrẹsì fún mi ni."

"Wọ́n bá èmi náà tẹ̀ ẹ́," Màmá Tiwaladé sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Mo rò pé ìbò ni mò ń dì."

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Olóyè Alárápé ti la ojú kejì. Kábíyèsí dìde lórí àga ìjẹun rẹ̀.

"Ẹni tó bá ti gbá géèmù yìí dé òpin nínú ààfin yìí, kó nawọ́."

A wo ara wa. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè, ó sì gòkè pẹ̀lú ìtìjú. Ti Olúdáìsí ni.

"Ẹ kú iṣẹ́," Ìyálóde ní. "Gbogbo àwọn tó yìn ín, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n, òun ló bú u."

Kábíyèsí jókòó padà. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Olúdáìsí, fi ipò kìíní sílẹ̀. Ṣé ohùn ọmọ yìí burú?"

"Kò burú, Kábíyèsí."

"Kí ló wá dé?"

Olúdáìsí tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo Kábíyèsí.

"Olè kan wà nínú ẹjọ́ kejì. Ó jí tìràǹsífọ́mà àdúgbò, gbogbo èèyàn wà lókùnkùn. Òkìkíọlá jókòó tì í nínú àtìmọ́lé, ó ní, 'Fara balẹ̀. Sọ tẹnu rẹ, mò ń gbọ́.' Kábíyèsí, mo dá a padà, mo tún un gbọ́. Mo tún un gbọ́ títí Bọ́lánlé fi bínú. Láti ìgbà tí Tiwa ti gba iṣẹ́ yìí, tí mo bá pè é, á ní òun ń tọ́jú ohùn òun. Tí mo bá lọ kí i, á máa jùwọ́ sí mi, á ní òun ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù, òun ni mo kọ́kọ́ pè. Kò gbé e. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ká sọ̀rọ̀ tí òun bá parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo jókòó sí ọsibítù, mò ń gbọ́ bó ṣe ń tu olè nínú. Ẹ̀yin náà ẹ bi mí, kí ni mo mọ̀ nípa géèmù? Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀."

Tiwaladé gbé fóònù sílẹ̀.

"O ò sọ fún mi pé Dádì rẹ wà ní ọsibítù," Tiwaladé ní. Ohùn tó fi sọ ọ́ kéré.

"Mo pè ọ́."

"O lè kọ ọ́ ránṣẹ́."

"Irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé kọ."

"O kúkú rí tèmi kọ dáadáa, tí gbogbo ayé fi rí i kà! Iṣẹ́ mi lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, Dáìsí. O fẹ́ kí wọ́n lé mi, kí n lè máa gbé fóònù."

Olúdáìsí kò sẹ́ ẹ. "Ara Dádì ti yá," ó sọ jẹ́jẹ́.

Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ gbìmọ̀. Wọ́n mú fóònù náà dání, wọ́n ní ẹ̀rí ni. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn Òkìkíọlá níbẹ̀, tó ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà a gbọ́ Olóyè Alárápé: "Ọdẹ yẹn ni! Mo ti ń fura sí ọdẹ yẹn!" Ìyálóde ní kó má tẹ nǹkan tí kò mọ̀. A dúró títí. Wọ́n gbìmọ̀ gan-an ni.

Nígbà tí wọ́n jáde, Kábíyèsí ṣe ojú le.

"Tiwaladé, gbogbo ìràwọ̀ tí o tọrọ, wàá dá a padà. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ bá ẹgbẹ́ akọrin níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yọ ọ́ lójú rẹ. Ti Bọ́lánlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà."

"Kábíyèsí, wọ́n máa lé mi níbi iṣẹ́!"

"Bóyá. Bí ohùn rẹ bá dáa, àwọn tí kò jẹ ìrẹsì rẹ á sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ bá pè ọ́, wàá gbé e. Ohùn tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn ni kó o gbé lọ sí Ugwuaji. Olúdáìsí!"

"Kábíyèsí."

"Pa ohun tó o kọ rẹ́. Kọ òmíràn níbí, nísinsìnyí, pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́. Òótọ́ ni kó o kọ. Bí o bá purọ́ láti fi tù ú nínú, mo máa mọ̀."

Olúdáìsí tẹ fóònù. Ó ronú, ó tún tẹ̀ ẹ́. Tiwaladé yọjú wò ó.

"Mẹ́rin? Èwo ni mẹ́rin?"

"Ẹjọ́ kẹta ti gùn jù."

Gbogbo wa di àga mú. Tiwaladé fa fóònù náà, ó kà á. Nígbà tó yá ó ní, "Òótọ́ ni. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Inú ń bí i pé òun rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," Kábíyèsí ní. "Mi ò tíì dé ibi ìyà. Olúdáìsí, o ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, wàá jókòó ti ìyá ìyàwó rẹ. Wàá gbá géèmù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, wàá máa ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá, títí yóò fi yé e. Ọjọ́ tó bá yé e ni ìgbéyàwó."

Olúdáìsí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú lé mi kúrò ní Enugu!"

Kábíyèsí júwe ibi tó máa jókòó fún un. Màmá Tiwaladé ti gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ lè rí ibi jókòó. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó fi sójú, ó tẹjú mọ́ géèmù tí Olúdáìsí ṣí.

"Ta ni eléyìí?"

"Adájọ́ ni, mà."

"Kí ló dé tí lọ́yà ò kí i?"

"Ó ti kí i, mà."

"Èmi ò rí i. Bẹ̀rẹ̀ padà."