Ohun Tí Àkùkọ Bámgbàlà Gbé Mì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ? Ẹ ó ní kí ló wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ ìtumọ̀: abẹ́rẹ́ mú, ọ̀fun adìẹ kò sì nípọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í dédé sọ̀rọ̀. Kí òwe tó di òwe, ẹnì kan á ti kọ́kọ́ kó sí ìjàǹgbọ̀n. Ti èyí, ibi tí ìyá àgbà kan ti ń rán ọmọlangidi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí ni orúkọ ìyá náà, ní abúlé Olúgbìn. Orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń bá a gbé láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ìyá Àwẹ̀ró wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, níbi tí ẹni tó bá gbéra láàárọ̀ á sùn lọ́nà kó tó débẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá ọmọ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá mú un, pé ó ti tó ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ pọn àbúrò.

Ẹfúnyẹmí kò bá wọn jiyàn. Ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò lè rin ọ̀nà yẹn mọ́, àti pé ó lè jẹ́ ìgbà tí Àwẹ̀ró bá di ọmọge ni òun yóò tún fojú kàn án, bí òun bá ṣì wà láyé. Ó wá pinnu pé òun yóò rán ọmọlangidi kan tí yóò bá a lọ, èyí tí kò ní ya, tí kò ní tú, tí yóò bá a pẹ́ lọ́hùn-ún.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwẹ̀ró kì í ṣe ọmọ tó ń gbé ọmọlangidi kalẹ̀ kó máa wò ó. Ó ń pọ̀n ọ́n, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń rọ ọ́ lẹ́kọ, ó ń nà án bó bá sunkún, bó bá sì kọ̀ tí kò rìn, á fi ẹsẹ̀ kan fà á wálé. Èyí tí Ẹfúnyẹmí kọ́kọ́ rán, háhá àgbàdo ló kì sí i nínú. Àwẹ̀ró wẹ̀ ẹ́ lódò, háhá jẹrà, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn débi pé àwọn ajá ń tẹ̀ lé wọn. Ìyá rán òmíràn, ó rọ àgbàdo gbígbẹ sí i nínú kó lè wúwo lẹ́yìn bí ọmọ gidi. Òun náà wọ odò. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró fi gbé e wá bá ìyá àgbà.

“Ìyá àgbà, ọmọ mi ti ń hu irùngbọ̀n.”

Ẹfúnyẹmí gbà á wò. Àgbàdo ló ti ta èhù jáde lágbọ̀n rẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

“Kì í ṣe irùngbọ̀n,” ni ìyá wí. “Oko ni.”

Wọ́n lọ gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Ìyá tún rán ẹ̀kẹta, ó fi òwú àràbà kún un, ó rán apá àti ẹsẹ̀ mọ́ ọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn dára, àfi bí ewúrẹ́ ṣe di apá kan mú, tí Àwẹ̀ró di ìkejì mú, tí kò sí ẹni tó fẹ́ jọ̀wọ́. Ewúrẹ́ mú tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́ pé bàbá ọmọ ti wà lọ́nà, Ẹfúnyẹmí ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ro ọ̀ràn ilẹ̀. Ó fi èédú ya ọmọ náà sórí pẹpẹ: orí, apá, ara, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ lódidi. Ibi tí a bá ti so apá mọ́ra ni apá ti ń já, nítorí náà kò ní so ohunkóhun mọ́ ohunkóhun. Ó ṣe ọrùn rẹ̀ ní kúkúrú, nítorí ọrùn tó gùn ni orí rẹ̀ ń yẹ̀. Ó mú kíjìpá tí ọkọ rẹ̀ fi ń roko nígbà ayé rẹ̀, aṣọ tí ẹ̀gún fà títí tó sú ẹ̀gún, ó gé e ní ọ̀nà méjì tó dọ́gba, ó kọjú wọn síra kó lè rán an ní òdì. Ó fi ìda pa òwú títí ó fi le bí ọrun ọdẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ kíjìpá, abẹ́rẹ́ ká. Ó nà án tọ́, ó tún ti í bọ̀ ọ́, ó ṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà lábúlé náà tó lè bá kíjìpá jà, ti Bámgbàlà aránṣọ ni. Ó gùn, ó sì nípọn. Ẹfúnyẹmí bá a níbi tó ti na ẹsẹ̀, agbádá Baálẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, apá kan ti wà lára rẹ̀, ìkejì wà nílẹ̀.

“Ìyá, abẹ́rẹ́ yìí kì í jáde nílé mi,” ni Bámgbàlà wí kí ìyá tó sọ̀rọ̀ tán.

“Mo mọ̀.”

“Agbádá Baálẹ̀ nìyí. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ pàdé àwọn àna wọn.”

“Ọ̀la náà ni Àwẹ̀ró ń lọ,” ni Ẹfúnyẹmí wí. “Bámgbàlà, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sọ́jà. O máa ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà yẹn.”

Àwọn ọmọṣẹ́ méjì jókòó nítòsí. Bámgbàlà wò wọ́n, ó wo ìyá, ó fa abẹ́rẹ́ yọ lára agbádá.

“Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ bá mi gbé e padà. Ẹ má jẹ́ kó sọnù.”

“Ibo ni yóò sọnù sí? Iwájú ilé mi ni mo jókòó sí.”

Ìyá jókòó lórí ẹní, ó rán ọmọ náà yí ká, ó tún padà rán an lórí èyí tó ti rán. Ó yí i síta, ojú rírán wọnú lọ. Ó fi òwú dúdú rán ojú méjì sí i, ńláńlá, nítorí Àwẹ̀ró ti ní òun kò fẹ́ ọmọ tó ń tòògbé. Ó wá fi igi ti òwú àràbà bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan tí kò tíì rán, ó kì í mọ́lẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi le. Ó so òwú mọ́ ẹ̀gbẹ́ náà, ó fẹ́ pa á dé, ló bá rí i pé ó ṣì ku ìdí kan tó rọ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ sórí ẹní, tòwútòwú, ó wọlé lọ bu òwú àràbà díẹ̀ sí i.

Bámgbàlà ní àkùkọ kan. Àkùkọ náà tóbi, kò sì ní ìwà. Ohun tó bá ti ń dán nílẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ó ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì, ó ti gbé èérún ìkarahun ìgbín mì, ó sì ti yọ ẹ̀pà lẹ́nu ọmọdé rí. Ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ló rí abẹ́rẹ́ tó ń kọ mànà nínú oòrùn. Ó rò pé kòkòrò ni. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó ṣà á, ó gbé e mì.

Abẹ́rẹ́ lọ dé ìdajì ọ̀fun, ó dábùú. Àkùkọ na ọrùn, kò lọ. Ó fẹ́ pọ̀ ọ́, kò wá. Ó ní kí òun kúkú máa lọ sílé. Ó gbé ẹsẹ̀, ohun kan sì gbéra tẹ̀ lé e. Ó wẹ̀yìn: ènìyàn kúkúrú kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó la ojú ràngàndàn mọ́ ọn.

Àkùkọ sá. Bó ti ń sá, ọmọlangidi ń bọ̀. Bó bá dúró láti wò bóyá ó ti padà, ọmọlangidi á yí wá gbá a nídìí. Ẹfúnyẹmí jáde pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, kò bá abẹ́rẹ́, kò bá ọmọ. Àwẹ̀ró ló nawọ́ sí ọ̀nà.

“Ìyá àgbà, àkùkọ ń gbé ọmọ mi lọ.”

Wọ́n lé e. Àkùkọ gba ilé aláró kọjá, ó fo ìkòkò aró. Ọmọlangidi kò mọ fífò, ó ré sínú ìkòkò, ó tún yọ jáde lódì kejì, aṣọ funfun tí aláró sá sí oòrùn di alámì tó-tò-tó. Wọ́n gba ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ epo, ọmọlangidi gba inú epo kọjá. Wọ́n gba abẹ́ ọgbà ẹlẹ́gùn-ún. Ìrù àkùkọ ṣẹ́kù síbẹ̀. Kíjìpá kọjá, ẹ̀gún kò rí nǹkan kan mú lára rẹ̀.

Baálẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn àna. Àkùkọ fò gba orí wọn, ó bà lé òrùlé, ó sá gba ṣóńṣó rẹ̀ kọjá sí òdì kejì. Òwú nà tán, ọmọlangidi wá rọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kánkán ojú Baálẹ̀, aró ń kán lára rẹ̀, epo ń kán lára rẹ̀, ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Àgbà kan dìde, ó lọ sílé rẹ̀ láìdágbére, ó fi fìlà sílẹ̀. Baálẹ̀ kò mira.

“Ta ló ni ọmọ yìí?” ló bi wọ́n.

“Tèmi ni, Bàbá,” ni Àwẹ̀ró wí, ó kúnlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Bámgbàlà dé. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú àkùkọ rẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wo Baálẹ̀ tí kò ní agbádá tí yóò wọ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lọ́bẹ, kí òun gé òwú kí àkùkọ lè sọ̀ kalẹ̀.

“Bó o bá gé e, abẹ́rẹ́ wọ inú lọ nìyẹn,” ni Ẹfúnyẹmí wí. “Òwú yẹn nìkan ló mọ ibi tó wà. Fà á.”

“Yóò já, Ìyá.”

“Fà á.”

Bámgbàlà di ẹsẹ̀ ọmọlangidi mú, ó rọra fà á, kò wá. Ó fi gbogbo agbára fà á. Òwú kò já. Ẹsẹ̀ kò já. Koríko òrùlé ló kọ́kọ́ wá, àkùkọ sì tẹ̀ lé e, ó bà lé orí Bámgbàlà pẹ̀lú èékánná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹfúnyẹmí gba àkùkọ, ó há a mọ́ abíyá. Ó ní kí Àwẹ̀ró la ẹnu rẹ̀. Ó fún ikùn ọmọlangidi, epo tó ti mu kán sí ọ̀fun àkùkọ. Ó fi ìka kan ti abẹ́rẹ́ kó lè dúró gbọọrọ, ó wá fa òwú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi láti kànga jíjìn. Abẹ́rẹ́ jáde, ihò rẹ̀ ló ṣáájú, kò ká, kò sì ṣẹ́. Níbẹ̀ náà ló jókòó, ó pa ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà dé, ó so kókó, ó fi eyín gé òwú, ó na abẹ́rẹ́ sí Bámgbàlà.

“Oòrùn ò tíì wọ̀,” ló wí.

Bàbá Àwẹ̀ró dé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó rí ọmọlangidi tí apá kan rẹ̀ dúdú bí aró, tí apá kejì pọ́n bí epo, tí ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ó rọra ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ òmíràn fún un tí a bá délé.”

“Rárá, Bàbá,” ni Àwẹ̀ró wí. “Èyí ti mọ ìrìn.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà fi ọ̀já gba ọmọlangidi mọ́ Àwẹ̀ró lẹ́yìn, ó fa ọ̀já náà le ju bó ti yẹ lọ. Ó ní kí ó máa wẹ̀ ẹ́, kó má sì bẹ̀rù, kò ní hu nǹkan kan. Ó dúró títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Ohun tó rí gbẹ̀yìn ni ojú ńláńlá méjì tó ń wo òun láti ẹ̀yìn Àwẹ̀ró.

Ó ku ẹjọ́. Láti ọjọ́ náà, àkùkọ Bámgbàlà kò lè kọ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, á na ọrùn, á ya ẹnu, á wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí arúgbó. Gbogbo Olúgbìn ń pẹ́ jí. Bámgbàlà gbé e lọ síwájú Baálẹ̀, ó ní kí Ẹfúnyẹmí san àkùkọ fún òun.

“Bàbá, adìẹ kò lọ́gbọ́n,” ni Bámgbàlà wí. “Ohun tó bá ti kéré nílẹ̀, ti adìẹ ni. Ẹni tó gbé e sílẹ̀ ló jẹ̀bi.”

Ẹfúnyẹmí ní, “Orí ẹní mi ni mo gbé e lé. N kò pè é wá jẹun.”

Baálẹ̀ wo àkùkọ náà. Kò ní ìrù mọ́. Ó wúkọ́.

“Bámgbàlà,” ni Baálẹ̀ wí, “àkùkọ rẹ ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó mi mì, mo dákẹ́. Ó gbé èérún ìgbín mì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ kò tó ìyẹn rárá, òun ló sì mú un sá yí abúlé ká, tó gba ìrù nídìí rẹ̀, tó gba ohùn lọ́fun rẹ̀, tó sì fi ọmọ olójú ńlá kọ́ sí mi níwájú nígbà tí mò ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Máa mú un lọ sílé. Bí o bá délé, fi sùúrù sọ fún un, kó sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn: bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”