Ojú Kì í Ṣe Pákó

Ọjọ́bọ̀ ni, lásìkò ọyẹ́, ní Jenta Adamu nílùú Jos. Ìyá Bùnmi tó ń ta ìpara jókòó nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ súwẹ́tà méjì léra wọn. Warith, káfíńtà kan láti ọjà pákó Katako, dé. Ó fi tówẹ́ẹ̀lì bo ojú.

WARITH: Ẹ kú òtútù, Màmá.

ÌYÁ BÙNMI: Òtútù ọ̀hún ò kú, àwa ló fẹ́ pa. Ta nìyẹn? Ṣé olè ni àbí ìyàwó?

WARITH: Warith ni. Ọmọ Bàbá Káfíńtà.

ÌYÁ BÙNMI: Áà, Bàbá Káfíńtà! Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣí ojú kí n rí ẹ.

WARITH: Ẹ kọ́kọ́ búra pé ẹ ò ní rẹ́rìn-ín.

ÌYÁ BÙNMI: Mo búra.

(Ó ṣí ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ́n, wọ́n ń bó, wọ́n sì tún ń dán. Ìyá Bùnmi rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì súwẹ́tà kan fi já.)

WARITH: Haba! Ẹ búra!

ÌYÁ BÙNMI: Kí n tó rí i ni mo búra. Kí ló gbá ẹ lójú?

WARITH: Sáńpépà.

ÌYÁ BÙNMI: Ta ló fi gbá ẹ?

WARITH: Èmi ni. Sátidé ni mò ń lọ sí Hwolshe, Màmá. Àwọn òbí Tẹjú, àfẹ́sọ́nà mi, fẹ́ rí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Irorẹ́ mẹ́ta wá yọ sí mi lójú. Mo ní kí n ha á, kó lè dọ́gba.

ÌYÁ BÙNMI: Sáńpépà? Èyí tí ẹ fi ń ha ilẹ̀kùn?

WARITH: Wallahi, rárá! Mi ò ya wèrè. Èyí tó kúnná ni.

ÌYÁ BÙNMI: O káre, ọlọ́gbọ́n.

WARITH: Bàbá mi ló ní igi tí wọn ò bá ha kì í gba fáníìṣì.

ÌYÁ BÙNMI: Òótọ́ ló sọ. Igi.

WARITH: Lẹ́yìn ìyẹn, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

ÌYÁ BÙNMI: Sójú egbò?

WARITH: Ó ta mí. Mo pariwo. Gbogbo ará ilé sáré jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

ÌYÁ BÙNMI: Tí iná bá jó ẹ ńkọ́, ṣé iná ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?

WARITH: Ọsàn yẹn ò lè ṣe mí ní nǹkan, Màmá. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Orí igi ni mo ti já a.

ÌYÁ BÙNMI: Orí igi náà ni ejò máa ń wà. Já òun náà, kó o fi pa ojú.

WARITH: Mo wá fi ọṣẹ ìfọyín lé e.

ÌYÁ BÙNMI: Irorẹ́ tìrẹ hu eyín?

(Ìyá Bùnmi fa àgbọ̀n Warith síbi ìmọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán. Ó gbóòórùn ìka náà.)

ÌYÁ BÙNMI: Warith. Má sọ pé fáníìṣì ni.

WARITH: Díẹ̀ báyìí ni. Kó tó gbẹ ni mo ti nù ún.

ÌYÁ BÙNMI: Yéè, mo gbé!

WARITH: Ẹ fún mi ní ìpara tó gbóná, Màmá. Èyí tó máa bó gbogbo rẹ̀ dànù, kí awọ tuntun yọ kó tó di Sátidé.

ÌYÁ BÙNMI: Mo ní in. Mi ò tà fún ẹ. Awọ tuntun ọ̀hún lo ti ha dé yẹn.

WARITH: Kí ló wá kù nísàlẹ̀?

ÌYÁ BÙNMI: Egungun.

(Warith jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.)

WARITH: Ta ni kí n bi? Gbogbo ohun tí Bàbá mi kọ́ mi, igi ni. Ó ní tó bá di ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ kí àna, òun á kọ́ mi ní ìyókù. Ó wá lọ.

(Ìyá Bùnmi ń wá bọ́tìnnì tó já. Ó pẹ́ kó tó rí i.)

ÌYÁ BÙNMI: Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá ẹ fi wà nínú eruku Katako. Ṣé ojú rẹ̀ bó rí?

WARITH: Rárá. Ó ń jọ̀lọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́.

ÌYÁ BÙNMI: Kí ló ń pa?

WARITH: Òrí. Inú agolo mílíìkì kan ló ń kó o sí.

ÌYÁ BÙNMI: Lọ́wọ́ mi ló ti ń rà á. Agolo yẹn dà?

WARITH: Ó wà nílé. Lẹ́yìn tí a sin ín, mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Mo tún dé e padà.

ÌYÁ BÙNMI: Kí ló dé?

WARITH: Ipa ìka rẹ̀ ṣì wà nínú òrí náà.

(Ìyá Bùnmi fi bọ́tìnnì náà sápò.)

ÌYÁ BÙNMI: Apá kejì ni kó o ti máa bu tìrẹ. Agolo mílíìkì gba ìka ènìyàn méjì. Fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́jú, kó o pa òrí kí ojú tó gbẹ. Ó parí. Má fọwọ́ kan irorẹ́.

WARITH: Tí wọ́n bá bi mí ní Hwolshe pé kí ló ṣe mí lójú ńkọ́?

ÌYÁ BÙNMI: Sọ òótọ́. Sọ pé nítorí ọmọ wọn ni. Àwọn tó ń ha pákó pọ̀. Ẹni tó ha ojú ara rẹ̀ nítorí ìyàwó ṣọ̀wọ́n.

(Warith rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.)

ÌYÁ BÙNMI: Wá jókòó sínú oòrùn níbí. Oòrùn Jos kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, òtútù ti pa agbára rẹ̀.

WARITH: Kai! Màmá! Pákó tí a bá sá sínú ọyẹ́ ń là. Òtútù á máa mú àwa, oòrùn á máa la pákó.

ÌYÁ BÙNMI: Àwọn aláwọ̀ pupa nìyẹn wà fún. Èmi dúdú.

WARITH: Màhógánì náà dúdú. Ó ń là.

ÌYÁ BÙNMI: Ojú kì í ṣe pákó, Warith!

WARITH: Ti oòrùn nìkan ni wọ́n fi jọra. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín tó kọjú sí títì, ó ti hunjọ ju èkejì lọ.

(Ìyá Bùnmi mú dígí. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó gbé àga rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù kíá.)

ÌYÁ BÙNMI: Èmi sì ti rò pé ọjọ́ ogbó ló dé!

WARITH: Lọ́la, màá kan àtíbàbà pákó síwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Màá fi sáńpépà ha á kó jọ̀lọ̀, màá wá kùn ún ní fáníìṣì.

ÌYÁ BÙNMI: Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi.

(Warith bo ojú, ó lọ. Ìyá Bùnmi ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ó fò sókè, ó sáré jáde sójú títì.)

ÌYÁ BÙNMI: Warith! Pákó ni kó o ha o! Pákó nìkan!