Fèrèsé Keje Àjíbọ́yè

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà rí kí wọ́n tó máa wí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri lásán ni. Àjíbọ́yè ló fà á.

Àjíbọ́yè fẹ́ràn Ṣijúadé dójú ikú. Ilé àtijọ́ kan náà tí wọ́n fi ògiri là sí méjì ni wọ́n ń gbé: Àjíbọ́yè lápá kan, Ṣijúadé àti bàbá rẹ̀ lápá kejì. Ṣùgbọ́n bàbá fàáké kọ́rí pé òun ò ní fọmọ fún ẹni tí ikán ti jẹ pákó abẹ́ fèrèsé rẹ̀ méjèèje. Ibo lọmọ òun á máa gbé àtùpà lé? Ó ní bí ilẹ̀ bá ṣú lọ́jọ́ náà tí kò tíì pààrọ̀ méjèèje, kó wáyàwó lọ síbòmíràn.

Àjíbọ́yè ò pe káfíńtà, ṣebí ọkùnrin lòun. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ mẹ́fà, bí ẹni bu àkàrà. Ló bá ń yangàn fáwọn aládùúgbò pé ẹyọ kan péré ló kù.

Ẹyọ kan péré, àbí? Kò mọ̀ pé pákó gígùn kan ṣoṣo ló gba inú ògiri kọjá, tó wà lábẹ́ fèrèsé keje àti ti bàbá lódìkejì. Ó fà á, ó rìn díẹ̀. Lódìkejì, Bàbá Ṣijúadé rí i tí pákó ń gbé àwo ẹ̀bà òun lọ. Ó ní olè ni, ó dì í mú, ó fà á padà. Àjíbọ́yè ní irú ikán wo ló lágbára tó báyìí. Ó pe ọ̀rẹ́ mẹ́rin. Bàbá náà pe àwọn àbúrò rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ yà wá bá wọn fà á, wọn ò tiẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń fà.

Ògiri ló kọ́kọ́ rẹ̀, ló bá wó. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, àárín pálọ̀ Àjíbọ́yè ni bàbá jókòó sí, ọbẹ̀ lórí fìlà. Àjíbọ́yè mọ̀ pé ìyàwó ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ṣijúadé wò wọ́n títí, ó ní, "Bàbá, ilé ọkọ mi lẹ jókòó sí yìí o."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ ibi tí ilé tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n kò dìde. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ti ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tó ń fọwọ́ gbá pákó fèrèsé wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi Àjíbọ́yè pé fèrèsé mélòó ló tún ṣe, á mí kanlẹ̀, á ní, "Mo yọ mẹ́fà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."