Ẹnu Àìfọ̀ Ọjọ́ Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Lánàá, kí oòrùn tó mú, ẹjọ́ kan wọ ojúde Baálẹ̀ wa ní Ìdí-Orógbó, òórùn rẹ̀ ló sì ṣáájú àwọn ẹlẹ́jọ́ dé. Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ìjòyè ni mo jókòó sí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Àbíkẹ́, ìyàwó Fárìndé àgbẹ̀, ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí Baálẹ̀ kò bá rí ọ̀rọ̀ náà yanjú lónìí, òun á lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun yìí ní Lálùpọn, òun á gba Ìbàdàn lọ, nítorí pé ní kóòtù tí òyìnbó dá sílẹ̀ níbẹ̀, kì í pẹ́ tí obìnrin fi ń kọ ọkọ. Ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba Fárìndé gan-an. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù náà kò mú un fọ ẹnu.

"Ṣé ó lù ọ́ ni?" Baálẹ̀ bi obìnrin náà.

"Wọn ò lù mí, Bàbá."

"Ṣé ebi ló fi ń pa ọ́?"

"Mò ń jẹun yó."

"Kí wá ni ẹ̀sùn rẹ?"

"Ẹnu wọn ni, Bàbá. Ó pé ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lónìí tí bàbá Wándé ti fọ ẹnu kẹ́yìn."

Ọ̀tún Baálẹ̀, tó jókòó nítòsí Fárìndé, rọra fa ẹní rẹ̀ sẹ́yìn.

Àbíkẹ́ ní òun bu omi gbígbóná àti iyọ̀ fún un kó fi yọ ẹnu, ó fi iyọ̀ jẹ iṣu, ó sì fi omi fọ ẹsẹ̀. Òun lọ èédú kúnná kó fi ra eyín, kò fọwọ́ kàn án. Òun bẹ̀ ẹ́ kó tilẹ̀ ha ahọ́n rẹ̀ lásán, ó kọ̀. Ní báyìí, èrìgì rẹ̀ ti wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá ti fi ẹnu kan ẹ̀kọ, Wándé tó bí kì í sì í jẹ́ kó gbé òun mọ́.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," Àbíkẹ́ ní. "Mi ò kọ ọkọ mi, Bàbá. Ẹnu wọn ni mo kọ̀."

"A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni," Baálẹ̀ dáhùn. "Fárìndé, rojọ́ tìrẹ. Ibẹ̀ yẹn ni kó o ti rò ó, má sún mọ́ wa."

Fárìndé dọ̀bálẹ̀. Ó ní ẹran ọ̀sìn kan wọ oko òun, ó sì jẹ gbogbo èbù iṣu tí òun fẹ́ gbìn lọ́dún yìí. Òun kò mọ ẹni tó ni ín. Òun wá pinnu láti gbé e ṣépè.

"Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ẹnu àìfọ̀ sọ láàárọ̀ kùtù máa ń ṣẹ," ó ní. "Ẹnu òru kan péré sì nìyẹn. Mo wá rò ó pé bí ẹnu òru kan bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ni ẹnu ogójì òru kò ní lè ṣe? Ó ku òru méje péré kó pé."

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi.

"Ẹnu kì í ṣe irú, Fárìndé," Ọ̀tún ní.

"Irú tó bá pẹ́ ló ń dùn, Bàbá."

"Ṣebí ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun. Ohun tó ń wọlé kò kan ohun tó ń jáde."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Àpèkẹ́ tó ń ta orín búra pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ Fárìndé. Kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í ra orín ata lọ́wọ́ òun, orín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láràárọ̀. Ni Àbíkẹ́ bá tú ìdì kan sílẹ̀. Orín ata méje ló wà níbẹ̀, orí wọn sì wà bí ọ̀bẹ ṣe gé wọn, kò sí èyí tí eyín kàn. Ṣe ni Fárìndé ń fi wọ́n há ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ará abúlé má bàa fura.

"Títà ni mo tà á, Bàbá," Àpèkẹ́ ní. "Mi ò bá a run ún."

Ó kan Lìádì, tí oko rẹ̀ bá ti Fárìndé pààlà. Lìádì kì í fi àlùwàlá ṣeré, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ló ń fi omi yọ ẹnu, eyín rẹ̀ sì funfun báláú. A rò pé òun ni yóò sọ òtítọ́.

"Ẹnu Fárìndé kò rùn rárá," Lìádì ní. "Ká sòótọ́, ó ń ta sánsán bí ọṣẹ."

Baálẹ̀ nawọ́ sí Fárìndé. "Ó dáa. Lọ jókòó tì í."

Lìádì gbé ẹsẹ̀ méjì, ó dúró.

"Sún mọ́ ọn. Fárìndé, kí aládùúgbò rẹ."

"Lìádì," Fárìndé ní, ó la ẹnu dáadáa, "ṣé dáadáa lo jí?"

Ni Lìádì bá kúnlẹ̀ gbì. "Òbúkọ mi ni, Bàbá. Òbúkọ mi ló jẹ èbù náà. Kó má bàa bínú sí mi ni mo ṣe purọ́. Ìyàwó mi lóyún, ẹ má jẹ́ kó ya ẹnu yẹn sí mi."

Fárìndé ti rí ẹni tó ń wá. Inú bí i gan-an, ẹ̀rù sì ba èmi náà, nítorí mo jẹ nínú òbúkọ yẹn nígbà tí wọ́n pa á.

Baálẹ̀ wá la ẹnu tirẹ̀ kí gbogbo wa rí i. Eyín mẹ́rin ló kù níbẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, wọ́n pé," ó ní. "Mo ní ẹnu ọkùnrin kì í ṣe àwo tí à ń fọ̀. Ìyàwó mi àgbà sọ ọ́ títí, ó sú u, ó dákẹ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́." Ó dá ẹjọ́. "Lìádì, dá gbogbo èbù rẹ̀ padà. Fárìndé, bí agbára bá wà lẹ́nu rẹ lóòótọ́, kò gbọdọ̀ ṣòfò. Gbólóhùn kan ni mo fún ọ, ẹnì kan ni wàá sì sọ ọ́ fún. Tó o bá sọ ọ́ tán, wàá fọ ẹnu lójú wa. Lìádì rèé. Ìyàwó rẹ rèé."

Lìádì di ojú. Fárìndé tẹjú mọ́ ọn. Ó wá yí sí ìyàwó rẹ̀.

"Àbíkẹ́," ó ní, "má lọ."

Àbíkẹ́ fi ìborùn bo imú. Omi dà lójú rẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló fà á ni o, bóyá òórùn ni, n kò lè búra.

"Mi ò lọ mọ́," ó ní. "Ẹ lọ fọ ẹnu yín."

Baálẹ̀ ní ó ti ṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé ẹnu àìfọ̀ kò lágbára. Ó pàṣẹ pé kí Fárìndé máa run orín ata láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un lóúnjẹ títí Àbíkẹ́ yóò fi gbóòórùn ẹnu náà, tí yóò mi orí pé ó ti mọ́. Ẹni tó bá sì tún fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀ ju òru kan lọ ní Ìdí-Orógbó, a ó yọ gbogbo eyín rẹ̀ fún Baálẹ̀, nítorí pé Baálẹ̀ mọ ohun tí yóò fi wọ́n jẹ.