Ẹ̀rọ Àjọtà àti Bàtà Abẹ́ Kántà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀! Ẹni tó ń sùn, kí aládùúgbò jí i! Ààfin Ìdí-Ọrún ló rán mi, n kò sọ tèmi o!

Baálẹ̀ kí yín. Ẹ̀rọ Àjọtà tí wọ́n rà fún ìlú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Ètò orí kọ̀ǹpútà ni. Ó so gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa pọ̀ mọ́ fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní Ṣakí lè ra ọjà tó wà níbí láìdìde lórí àga. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn o!

Àwọn olóyè ló yẹ ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó rà á. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ta abẹ́rẹ́ rí! Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló wá. Ti àkọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ òun wò. Wọ́n lé e, wọ́n ní ó rí wọn fín. Ti ìkejì ṣàlàyé títí oorun fi gbé Olóyè Ọ̀tún lọ. Ti ìkẹta pín fìlà, ó pín mítípáì. Òun ló gba máàkì jù! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n!

Ẹ wá gbọ́ ti Ìyá Morádékẹ́, opó oníbàtà ìkòríta Agbède. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ. Gbogbo wa la mọ ìwà wa: a óò rí bàtà tó wù wá, a óò ní kó bá wa fi pamọ́, a óò sì lọ. Á tì í sábẹ́ kántà. Kì í sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì. Nígbà tí àwọn aṣojú ààfin wá ka ọjà sínú ẹ̀rọ, wọ́n ka ti abẹ́ kántà mọ́ ọn. Ó ní ti oníǹkan ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò mọ oníǹkan.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀rọ ta bàtà funfun kan lábẹ́ kántà fún bíríkìlà kan ní Ṣakí. Obìnrin náà bẹ̀ wọ́n, omi lójú. Wọ́n gbé bàtà náà lọ. Bàtà ọ̀hún ti ń po sìmẹ́ńtì báyìí!

Inú bí Baálẹ̀ pé ìlú ń da ẹ̀rọ láàmú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin lánàá. Mo tún un kà:

Àṣẹ kìíní! Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ló wà. Èyí tó wà lórí pẹpẹ, àhesọ ni!

Àṣẹ kejì! Bí ẹ̀rọ bá ta bàtà kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́ta, kí wọ́n máa yá ara wọn wọ̀. Ẹni tó bá kùn, á ro oko ààfin!

Àṣẹ kẹta! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kí wọ́n bá òun fi ọjà pamọ́ mọ́! Ẹni tó bá ti ṣe é, á rìn yí ìlú ká láìwọ bàtà, lọ́jọ́ Sátidé, lójú gbogbo ayé. Kò sí ẹ̀bẹ̀! Kò sí ẹ̀bẹ̀ rárá!

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Ìyá Morádékẹ́ pa, wọ́n ní wọn ò ní ṣí i títí yóò fi dárúkọ ẹni tó ni bàtà funfun. Ó kọ̀. Ó sun ẹkún, ó kọ̀. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn máa kó ọjà rẹ̀ dà síta. Ó kúnlẹ̀ láàárín ààfin, kò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹsẹ̀ Baálẹ̀ ló nawọ́ sí.

Baálẹ̀ ti gbàgbé pátápátá pé àwọn gan-an ló ní kó bá àwọn fi bàtà funfun pamọ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ èyí tó kù!

Àṣẹ kẹrin! Kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Morádékẹ́ kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má béèrè ìdí!

Àṣẹ karùn-ún! Lọ́jọ́ Sátidé, tí Baálẹ̀ bá ń kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ẹsẹ̀ wọn. Fìlà ni kí ẹ máa wò! Fìlà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ fún wọn!

Mo ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, etí rẹ̀ ni kó bá wí. Mo ń lọ o. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ tèmi!