Wíwò Tí Màmá Nọ́ọ̀sì Wo Òdòdó Inú Ìgò

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, inú ìgò ló wà. Ìgò náà tóbi tó orí àgbàlagbà, ó sì ní ìdérí. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ewéko tútù tó rí bíi kànrìnkàn, irú èyí tó máa ń hù lára ògiri ẹ̀yìn balùwẹ̀, bo òkúta náà, ẹ̀ka igi kékeré kan sì dúró láàárín. Lára ẹ̀ka igi yìí ni wọ́n ti fi báńdéèjì funfun wé nǹkan kan gírígírí, bí apá ẹni tó já bọ́ láti orí àkàbà.

Ẹni tó gbé ìgò wọlé ni atúnaagoṣe tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni ìyá ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Màmá náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Ó gbé báàgì aṣọ rẹ̀ wá, ó ti dì í tán, ó sì gbé e síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Kábíyèsí ti jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí tìmùtìmù. Màmá Nọ́ọ̀sì kò tíì kí wọn tán tí ojú rẹ̀ fi bà lé ẹsẹ̀ náà.

"Kábíyèsí, ẹsẹ̀ yín wú."

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló pè yín lẹ́jọ́, Màmá. Ẹ fi í sílẹ̀. Atúnaagoṣe, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Mi ò bá Màmá jà o. Ìyá mi ni wọ́n. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n padà sílé wọn ni."

Olóyè kan wà nínú ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní Àgbọ́sùn, nítorí pé bí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni oorun tirẹ̀ náà ń bẹ̀rẹ̀. Ó la ojú kan.

"Kò bá wọn jà nìyẹn," ni ó wí. Ó tún pa ojú náà dé.

"Kí ló wà nínú ìgò?" ni Kábíyèsí bèèrè.

"Ọ́kíìdì ni, Kábíyèsí. Òdòdó ni, irú rẹ̀ tó kéré jù lọ. Ewé rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ ìkókó lọ. Kò fẹ́ erùpẹ̀, ara igi ló máa ń rọ̀ mọ́. Kò fẹ́ oòrùn gangan, kò fẹ́ òkùnkùn. Kò fẹ́ omi púpọ̀, kò sì fẹ́ kí ara òun gbẹ."

"Kí ló wá fẹ́?"

"Sùúrù, Kábíyèsí."

"Mo ní olóyè méjì bẹ́ẹ̀. Máa bọ́rọ̀ lọ."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ní in, kò yọ òdòdó rí. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹ̀fọ́ ni wọ́n tà fún mi. Oṣù tó kọjá ni mo mú awò tí mo fi ń wo inú aago, mo tẹ̀ ba, mo rí kókó òdòdó kan lábẹ́ ewé. Ó kù díẹ̀ kó là. Àfi bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ránṣẹ́ pè mí láti ìlú kejì pé aago ńlá ojú títì wọn ti dákẹ́. Mo bá bẹ Màmá. Mo ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa wò ó.' Ohun tí mo sọ nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí mo dé, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a."

"Ta ni?"

"Ìgò, Kábíyèsí. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Wọ́n gbé ike omi kan kọ́ sára irin kọ́tìnì, wọ́n fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ike wá sínú ìgò. Omi ń kán, tó, tó, tó."

"Wọ́n fa omi sí ewé lára."

"Wọ́n fa omi sí i lára, Kábíyèsí. Wọ́n tún fi báńdéèjì wé e látòkè délẹ̀. Òdòdó mi ti kú sínú aṣọ. Mo ní kí n tú u, wọn ò gbà."

Kábíyèsí yíjú sí Màmá. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí ẹnìkan bá gbé ọmọ dé ọsibítù, tó ní, 'Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ọmọ yìí,' ṣé kí n káwọ́ lérán kí n máa wo ojú ẹ̀ ni?"

Ìgbìmọ̀ kùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn kan.

"Ọ́kíìdì kì í ṣe ọmọ, Màmá," ni atúnaagoṣe wí.

"Ta ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó tó rántí pé òun níyàwó? Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe bá a. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, ó ń làágùn. Gbogbo ara ìgò rin gbingbin. Mo ní ibà nìyí. Wọ́n tì í mọ́ inú ilé tí kò ní fèrèsé, wọ́n dé e lórí, ta ni ò ní làágùn? Mo wo ìsàlẹ̀, kò sí erùpẹ̀ kankan, ó kàn rọ̀ mọ́ igi bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Mo wá rí àwọn nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ síta lára ẹ̀. Ìfun."

"Gbòǹgbò ni, Kábíyèsí. Ìta ni gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wà."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ìfun ẹ̀ wà níta, ó ní bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Irú wọn ló máa ń gbé ìyàwó wá bá wa ní ọsibítù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí. Mo dà á padà, mo wé e."

"Omi tí ẹ fà sí i ńkọ́?"

"Ètè ẹ̀ gbẹ."

"Ètè wo?"

"Ewé ìsàlẹ̀."

Olóyè Àgbọ́sùn tún la ojú. "Ṣé ó ti ń jẹun báyìí?" Kò dúró gba èsì.

Wọ́n pe ìyàwó atúnaagoṣe, tí í ṣe ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì, kó wá jẹ́rìí.

"Ìwọ, ta lo wá jẹ́rìí fún?"

"Tí mo bá wo ọ̀tún, Kábíyèsí, ọkọ mi ni. Tí mo bá wo òsì, ìyá mi ni."

"Wo iwájú."

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí jù."

"Ṣé ara òdòdó yìí kò yá kí ìyá rẹ tó fọwọ́ kàn án?"

"Kò ṣàìsàn, Kábíyèsí."

Ọkọ rẹ̀ mi orí.

"Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ara ẹ̀ le."

Màmá mi orí.

"Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

"Bó ṣe wà ló wà. Láti ìgbà tó ti dé ilé wa, mi ò rí i kó ṣe nǹkan kan rí."

"Ṣé ìyá rẹ ń yọ yín lẹ́nu ni?"

"Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n kàn ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ẹni tó bá wọlé ni. Wọ́n wọn ti ọkùnrin tó wá ka mítà iná. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún wá ka mítà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kábíyèsí, ilé Màmá ti dákẹ́ jù látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Màmá Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó fa sípù báàgì rẹ̀, èyí tó ti wà ní títì tẹ́lẹ̀, ó ṣí i, ó tún tì í.

Ẹlẹ́rìí kejì ni aránṣọ tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ tiwọn.

"Ojú mi méjèèjì ló ṣe," ni aránṣọ wí. "Màmá ń fìyà jẹ ewé yẹn."

"Ṣebí o sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ?" ni ìyàwó atúnaagoṣe wí.

"Lọ́jọ́ Sátidé, kọ́tìnì bo fèrèsé wọn, òjìji ni mo rí. Ní ti òjìji, ó jọ ìtọ́jú."

"Nígbà tí wọ́n wá ká kọ́tìnì ńkọ́?" ni Kábíyèsí bèèrè.

"Ìgbà yẹn ni Màmá rí mi, wọ́n ní kí n wá kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo bá ti fèrèsé."

"Kí lo wá rí gan-an?"

"Fèrèsé mi, Kábíyèsí."

Kábíyèsí mí kanlẹ̀. "Ẹnìkan ní ó ti kú. Ẹnìkan ní ó ń sàn. Ta ló ti rí i nínú yín?"

Gbogbo ojú yí sí báńdéèjì.

"Ẹ fẹ́ kí n dájọ́ òkú tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ẹ tú u."

"Kò tíì tó àkókò tí wọ́n ń tú egbò, Kábíyèsí."

"Màmá."

Màmá Nọ́ọ̀sì wo ìgò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ojú mi ò gbé nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ìyẹn ni mo ṣe wé e nípọn."

Atúnaagoṣe bọ́ síwájú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú awò àti ẹ̀mú tó fi ń mú ìdè aago jáde. Ó fi awò há ojú ọ̀tún. Ó kúnlẹ̀ ti ìgò.

"Màmá, ibo ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wà?"

"Lápá òsì, lábẹ́. Má fà á. Yí i. Rọra, ọwọ́ ẹ le ju ti dókítà lọ."

"Mo ti yí i lẹ́ẹ̀kan."

"Ó tún kù. Mí síta kó o tó ká èyí tó gbẹ̀yìn."

Ọkùnrin náà mí síta. Báńdéèjì bọ́. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí aago tí wọn ò yí.

"Ṣó ti kú?" ni Màmá bèèrè. Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn nọ́ọ̀sì mọ́.

"Ó ti là, Màmá."

Ó yọ awò lójú. Kò gbé e fún Kábíyèsí, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e fún. Màmá tẹ̀ ba, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó yọ ahọ́n sí mi," ni ó wí nígbà tó yá. "Ahọ́n ẹ̀ pupa dáadáa. Ibà ti lọ."

Wọ́n gbé awò dé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí. "Èyí tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì yìí lẹ torí ẹ̀ gbé mi jókòó látàárọ̀."

"Sùúrù ló mú un là, Kábíyèsí," ni atúnaagoṣe wí.

"Omi tí mo fà sí i ni," ni Màmá wí.

"Kò fẹ́ omi púpọ̀, Màmá."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó máa kán."

Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Màmá kò jẹ̀bi, ọkọ ọmọ wọn kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ 'wò' ló jẹ̀bi. Iṣẹ́ tó gbà ti pọ̀ jù: ó ń wo ìran, ó ń wo ọmọ, ó tún ń wo aláìsàn. Mo gba méjì lọ́wọ́ ẹ̀. Láti òní lọ, ní gbogbo ibi tí àṣẹ mi bá dé, ojú nìkan la fi ń wo nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú, kó sọ pé ìtọ́jú lòun fẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wo nǹkan, tó bá fọwọ́ kàn án, ó ti rú òfin.

"Màmá, ìyà tiyín rèé. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa wo òdòdó yìí, ẹ ó káwọ́ sẹ́yìn, títí yóò fi rẹ̀ dànù fúnra ẹ̀. Ẹ ò lè máa wò ó láti ilé yín. Nítorí náà, ẹ ò lọ síbì kankan.

"Ìwọ atúnaagoṣe, tó o mú ìyá ìyàwó ẹ wá sí ààfin torí ewé, gbé báàgì yẹn lé orí. Ojú títì ni kó o gbà, kó o sì rọra rìn. Ẹni tó bá bi ọ́ pé kí lo rù, sọ pé èrè ẹjọ́ mi ni."

Atúnaagoṣe gbé báàgì. Ọrùn rẹ̀ wọ èjìká.

"Màmá, kí lẹ kó síbí?"

"Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Méjì ni, torí pé ọ̀kan lè bàjẹ́."

Màmá gbé ìgò, ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Kábíyèsí fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ òsì kanlẹ̀, wọ́n sì jókòó padà kíákíá.

"Màmá Nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti rọ̀. "Ẹ dákun, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ yìí."

Màmá gbé ìgò fún ọmọ rẹ̀, ó padà wá. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó tẹ̀ ba, ó wo apá ọ̀tún ẹsẹ̀ náà, ó wo apá òsì, ó yí lọ sẹ́yìn, ó wo gìgísẹ̀. Kò kánjú. Lẹ́yìn náà ló na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo ti wò ó, Kábíyèsí," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ni."