Bí Ọ̀gá Amọ̀nà Ṣe Yan Áàpù fún Àwọn Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi Ọ̀gá Amọ̀nà hàn yín kí ó tó fi ara rẹ̀ hàn, nítorí bí ó bá ṣíwájú mi, ilẹ̀ á ṣú ká tó gbọ́ ìdajì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ara mọ́tò tó fi ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà, lọ́tùn-ún lósì: AMỌ̀NÀ, Ọkọ Máàpù, Bàbá Sátẹ́láìtì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Òótọ́ ni o. Kì í bèèrè. Ó máa ń sọnù ni, á sì gbẹ́nu dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wa mọ́tò, akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó káwọ́ gbera kí ó máa sọ pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí mo ní lọ́kàn gan-an lo gbà yẹn." Bó bá wá di pé òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń darí rẹ̀ láti orí fóònù. Aránṣọ ni ìyàwó náà. Á gbé fóònù há èjìká, á máa ránṣọ lọ, á máa sọ pé, "Dádì, ẹ yà sọ́tùn-ún. Ọ̀tún, mo ní. Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun."

Nígbà tó yá, eré kan dé sí àdúgbò wọn, wọ́n ń pè é ní Wá-a-rí. Eré náà kò le. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré pamọ́ síta, bóyá sábẹ́ bẹ́ǹṣì tàbí sínú ihò igi, á sì fi ibi tó wà sórí áàpù. Ẹlòmíràn á gbé fóònù, á tẹ̀lé ọfà inú rẹ̀ títí yóò fi débẹ̀. Bó bá rí àpótí náà, á kọ orúkọ sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, á tẹ "Mo rí i" lórí fóònù, á sì dá a padà sáyè rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí wúrà níbẹ̀. Ẹ̀rín àti ìrìn lásán ni èrè rẹ̀.

Àǹtí Láíbìrì, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ní láíbìrì àdúgbò, ló kó àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ jọ. Oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, àwọn tí jíjókòó sílé ti sú náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Amọ̀nà ni wọ́n ti ń kọ́ mọ́tò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun ọ̀gá wa. Bí àwọn awárí bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò, tí kì í ṣe òun ni olórí wọn, ta ni yóò tún gbé ara lé e lọ́wọ́ pé kó kọ́ òun ní ọkọ̀? Ó ní láti jẹ olórí, bó wù kó rí.

Ẹ má sọ pé kò gbìyànjú. Ó wọ bàtà tuntun, ó jáde láti lọ wá àpótí tó wà ní ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ̀yìn ilé ìtajà kan ní òdìkejì ìlú ni ìyàwó rẹ̀ ti lọ mú un bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti rí i pé eré yìí dùn jù béèyàn bá jókòó ṣe é. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Adé Awárí. Ẹni tó bá rí àpótí jù lọ ní agbègbè, áàpù náà á fi adé lé àwòrán rẹ̀ lórí, á sì máa gbé e han gbogbo ayé. Bí ọ̀gá wa ṣe ṣí i, ó kọ́kọ́ gbé àlàyé gígùn kan jáde. Ṣé Ọkọ Máàpù ni yóò máa ka àlàyé? Ó tẹ "Mo gbà." Ó fẹ̀yìn ti àga onítìmùtìmù rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ "Mo rí i." Ó rí ti ọgbà ìgbafẹ́. Ó rí ti ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ nígbà tó rí ti abẹ́ afárá. Èyí tó wà lórí òkè, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti rí i.

"Dádì, kí lẹ ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ìwádìí ni mò ń ṣe."

"Ìwádìí kí ni?"

"Ìwádìí gbogbo ilẹ̀ yìí."

Ìyàwó wo ilẹ̀ pálọ̀, ó wo èèpo ẹ̀pà tó kún ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi gbá a tí ẹ bá ti wádìí rẹ̀ tán," ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kò pẹ́, adé bọ́ sí i lórí. Ẹ wá wo ọkùnrin nínú àwòrán! Fìlà lórí, adé lórí fìlà, ó kiwọ́ bọ àpò, ó ń wo òkèèrè bí ẹni tó ti rí ìdí ayé. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò fi ránṣẹ́ sí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan áàpù pé. Wọ́n jókòó sínú láíbìrì, Àǹtí Láíbìrì sì dìde pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀.

"Mo ti yẹ ọ̀pọ̀ áàpù wò," ó ní. "Fún àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Rọra Wá ló bá wa mu. Àwọn àpótí tó rọrùn nìkan ló kọ́kọ́ ń fi hàn. Béèyàn bá débẹ̀ tí kò rí i, ó máa ń sọ fún un bóyá òkè ni kó wò tàbí ìsàlẹ̀. Kì í sì í tètè jẹ bátìrì."

Ọ̀gá Amọ̀nà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí dókítà ń rín sí ẹni tó ń sọ àìsàn ara rẹ̀.

"Rọra Wá! Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wá ni?"

"Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wá, sà. Ẹ̀yin náà kì í gbé akẹ́kọ̀ọ́ sójú títì márosẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ dákun. Mélòó lẹ̀yin fúnra yín ti rí?"

"Díẹ̀ náà ni. Wọ́n máa ń fara sin gan-an."

"Wọ́n máa ń fara sin fún yín." Ó gbé fóònù sókè, ó yí i káàkiri kí kálukú lè rí adé. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ẹni tí wọn kì í fara sin fún. Adé Awárí! Ibi tí ọba bá ń lọ ló yẹ kí ìlú tẹ̀ lé. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa kọ́ yín ní mọ́tò, kí ẹ wá lọ máa ṣìnà kiri níbòmíràn?"

Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè fún Adé Awárí. Ìdánwò ìwakọ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé, kò fẹ́ kí ọ̀gá bínú sí òun. Àwọn yòókù nawọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ọ̀gá wa jẹ olórí lójú ẹsẹ̀. Àǹtí Láíbìrì náà gbé Adé Awárí sórí fóònù tirẹ̀ láìjanpata, àmọ́ òun jókòó ka àlàyé. Kò tíì kà á jìnnà tí wọ́n fi tú ká.

Nígbà tí Sátidé dé, wọ́n péjọ síwájú láíbìrì ní òwúrọ̀. Olórí gbé àga síta, ó so fèrè mọ́ ọrùn, ó jókòó.

"Ẹ ò ní bá wa lọ ni, Ọ̀gá?" ni tísà àgbà bi í.

"Ta ló ń rán ọba níṣẹ́ ẹsẹ̀? Kí kálukú yan àpótí tó bá wù ú. Ibi tí ọfà bá kọjú sí, ẹ kọjú síbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, kí ẹ wá bọ́ adé yìí lórí mi."

Ó fọn fèrè. Wọ́n lọ. Ó wò wọ́n títí, inú rẹ̀ ń dùn, títí ó fi ṣàkíyèsí nǹkan kan tó yà á lẹ́nu. Oníbúrẹ́dì yan ti abẹ́ afárá, tísà yan ti ọgbà ìgbafẹ́, àwọn mìíràn yan ti orí òkè. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn jọ gbà lọ. Ó rò ó díẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ olórí rere.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Dádì, àwọn èèyàn yín mà ti dé o."

"Dé ibo?"

"Pálọ̀. Wọ́n ń tú tìmùtìmù."

Ó fò dìde, fèrè há a lẹ́nu, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé elégbòogi, ó yà síbi tí kò yẹ kó yà, ògiri dá a padà. Ó yà sí òmíràn, ó bá ara rẹ̀ níwájú láíbìrì padà. Kò lè pe ìyàwó rẹ̀ kí gbogbo pálọ̀ má bàa gbọ́ bó ṣe ń darí rẹ̀. Ni ó bá ṣí Adé Awárí, ó yan àpótí kan, ó tẹ̀lé ọfà. Áàpù náà mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láìṣìnà. Ohun àkọ́kọ́ tó máa fi eré yìí rí nìyẹn.

Nínú pálọ̀, oníbúrẹ́dì ti dojúbolẹ̀, orí rẹ̀ wà lábẹ́ àga. Tísà dúró láàárín, ó ń yí po pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Àwọn kan to sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ káàbọ̀!" ni ọ̀gá kígbe, ẹ̀rín ẹ̀tàn lẹ́nu. "Mo mọ̀ pé ẹ máa débí! Èmi ni mo fi àpótí pamọ́ síbí láti fi dán yín wò."

"Ó dáa náà," ni tísà wí. "Èwo ni? Fóònù mi ní ti ọgbà ìgbafẹ́ ló wà níbí."

"Abẹ́ afárá ni tèmi," ni oníbúrẹ́dì wí láti abẹ́ àga. "Ọ̀gá, apá ibo ni odò wà nínú pálọ̀ yín?"

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí agolo róbótó kan lórí tábìlì, ó gbá a mú, ó gbé e sókè. "Òun rèé! Ẹ wá kọ orúkọ!"

"Dádì, agolo bọ́tìnnì mi nìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ rọra o, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀."

Oníbúrẹ́dì ti kiwọ́ bọ̀ ọ́. Igbe tó ké mú kí àwọn ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yọrí síta.

Àǹtí Láíbìrì, tó bá wọn wá, ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń parí àlàyé tó ń kà. Ó tún ọ̀fun ṣe.

"Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ síbí," ó ní. "'Áàpù yìí gba aládé gbọ́ ju ẹni tó fi àpótí pamọ́ lọ. Ibi tí fóònù aládé bá wà nígbà tó tẹ Mo rí i, ibẹ̀ la ó gbà pé àpótí wà, ibẹ̀ la ó sì máa darí àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.'"

Tísà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ìyẹn ni pé gbogbo àpótí inú ìlú yìí, orí àga yìí lẹ ti rí wọn?"

"Àfi ti orí òkè," ni ẹnì kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ̀rín bú jáde. Tísà di ògiri mú kó má bàa ṣubú. Ìyàwó ọ̀gá kọ́kọ́ fi aṣọ bo ẹnu, ó pa á mọ́ra títí, kò ṣeé pa mọ́ra mọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Oníbúrẹ́dì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tí abẹ́rẹ́ gún sẹ́nu, ó tẹjú mọ́ ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò mi o. Ẹ jọ̀ọ́, láísẹ́ǹsì tiyín ńkọ́? Ṣé orí àga yìí náà lẹ ti gbà á?"

Ọ̀gá Amọ̀nà dé agolo bọ́tìnnì, ó gbé e padà sórí tábìlì. Ojú tì í. Mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀, àmọ́ ojú tì í débi pé bí ilẹ̀ pálọ̀ tó wádìí bá lanu, inú rẹ̀ ni ì bá wọ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti gbé Rọra Wá sórí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ náà gbé e, ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó bá wọn jáde. Òun ló kọ́kọ́ rí àpótí. Ọ̀gá wà nílé, ó ń to tìmùtìmù padà.

Ní ọjọ́ Ajé, mọ́tò ìkọ́ni wà níwájú ilé látàárọ̀, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó yọjú. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá sáré mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó tún fìlà ṣe, ó ṣílẹ̀kùn.

Tọkọtaya kan ni, àjèjì, àpò lẹ́yìn, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, sà," ni ọkọ wí. "Ẹ má bínú, ọ̀nà jíjìn la ti wá. Wọ́n ní kò sí ibi tí àpótí pọ̀ tó ibí yìí."

Ìyàwó àjèjì náà wo ojú fóònù, ó wo ojú ọ̀gá, ó tún wo fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, àbí ẹ̀yin ni aládé yìí?"

Nínú ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ọ̀gá rọra bọ́ fìlà, ó fi í sẹ́yìn.

"Rárá o," ó ní. "Wọ́n ti kó kúrò níbí."